Ọ̀gá ìmọ̀ tuntun tó fẹ́ máa wá lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀: ṣé kí n gbà á àbí kí n má gbà á?

ÌyáẸ̀lùbọ́ (Mọ́níyà) | Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ kan wà tó ń gbé mi lọ́kàn láti bí oṣù kan, mo sì mọ̀ pé àwọn tó ti bá irú rẹ̀ pàdé rí pọ̀ níbí.

Ilé-iṣẹ́ tí ìyá mi dá sílẹ̀ ni mò ń bójú tó ní Mọ́níyà, n'Ìbàdàn. Ẹ̀lùbọ́ iṣu, láfún àti fùfú gbígbẹ là ń ṣe, a ń dì wọ́n sí ọ̀rá kílò kan àti kílò márùn-ún. Òṣìṣẹ́ 34 la jẹ́, láìka àwọn ìyá tó ń wá bó ẹ̀gẹ́. Ọjà ń lọ o, n ò lè purọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta rèé tí iye tí à ń tà ò kúrò lójú kan. Ní súpámákẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ti máa ń tò wá sí ìlà méjì lórí pẹpẹ, ìlà kan ló kù. Àwọn tó dé lẹ́yìn wa ti gba èkejì, ọ̀rá tiwọn ní síìpù lẹ́nu, ó dúró ṣánṣán. Tiwa ṣì ni ọ̀rá tí à ń fi iná lẹ̀, tó ń ṣubú lé ara wọn bí ẹni tó sùn lórí ìdúró.

Ọkùnrin kan ni wọ́n júwe fún mi, pé ó lè bá wa wá ọjà tuntun àti ọ̀nà tuntun tí a lè gbà ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́ fún ọdún 11 ní ilé-iṣẹ́ oúnjẹ ńlá kan l'Ékòó kó tó kọ̀wé sílẹ̀. Ó ń bá ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn ṣe báyìí. Ó ní òun ò lè máa wá lójoojúmọ́, àwa náà ò sì lè san owó ẹni tó ń wá lójoojúmọ́. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀ ló lè yọ̀ǹda. Ohun tó ń béèrè ni ₦650,000 lóṣù, ìpín 5% nínú ilé-iṣẹ́, àti kí a máa pè é ní ọ̀gá àgbà tó ń darí ìmọ̀ tuntun, kí á tẹ̀ ẹ́ sórí káàdì.

Ó wù mí, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sí i.

BàbáBúrẹ́dì (Abẹ́òkúta) | 9:52 àárọ̀

Ọmọ mi, má gbà á.

Ọdún 28 ni mo ti wà nídìí búrẹ́dì. Nígbà ìjọba Ọbásanjọ́ tí wọ́n ní kí àwa oníbúrẹ́dì máa po ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ 10% mọ́ ìyẹ̀fun wa, mo gba irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ Jímọ̀ nìkan ló ń wá. Ó mọ̀wé, kì í purọ́, ìwé tó kọ fún mi ṣì wà nílé dòní. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí a máa kọ́kọ́ pò ó bọ́ sí ọjọ́ Ajé. Ìyẹ̀fun tí wọ́n gbé dé ń rùn bí omi ògì àná. Àwọn ọmọ pè mí, mo pe ọ̀gá, kò gbé e. A sì ti gba owó àwọn oníbàárà, la bá pò ó. Búrẹ́dì tó tó 400 ló padà sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kejì, wọ́n ní ó kan. Ẹni tó mọ ìdí ọ̀rọ̀ ò sí nílé, èmi tí mo wà nílé ò mọ ìdí ọ̀rọ̀.

Ẹni tí kò bá ní í gbóòórùn iṣẹ́ láàárọ̀, kó má pàṣẹ fún mi lọ́sàn-án.

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀tà | 10:31 àárọ̀

Bàbá, mo kí yín. Ẹ má bínú, ẹ̀gẹ́ ló ṣẹ̀ yín, kì í ṣe ọjọ́ Jímọ̀. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó wà fún búrẹ́dì, láàárín wákàtí 24 tí wọ́n bá ti wú ẹ̀gẹ́ nílẹ̀ ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti bó o, kí wọ́n rin ín, kí wọ́n fún omi rẹ̀, kó sì ti dé ẹnu ẹ̀rọ tó ń gbẹ ẹ́. Tó bá fi sùn pẹ́nrẹ́n, ó ti ń kan nìyẹn. Láfún là ń rẹ kó lè kan. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ láfún ni wọ́n lọ̀ tà fún yín.

Àmọ́ ìbéèrè tó wà nínú ìtàn yín ni kí Ìyá Ẹ̀lùbọ́ mú: ta ló máa wà nídìí ẹ̀rọ lọ́jọ́ tí ọ̀gá ò sí, tó sì lè sọ pé "ẹ dá a dúró"?

Ohun tí mo fojú ara mi rí rèé. Wọ́n pè mí sí ilé-iṣẹ́ kan lọ́nà Ìdí-Ìrókò. Irú ọ̀gá ọlọ́jọ́ méjì yìí ti ní kí wọ́n ra ẹ̀rọ agbẹ-nǹkan kan, ₦9,000,000, òun ló máa gbé wọn dókè. Ẹ̀rọ yẹn, iná fééṣì mẹ́ta ló ń jẹ. Fééṣì kan ni wọ́n ní. Nígbà tí mo débẹ̀, tapólì ni wọ́n fi bò ó, adìẹ ti yé ẹyin mẹ́fà sábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá ti wà níbòmíràn. Kì í ṣe olè, kò kàn fìgbà kankan rìn lọ wo mítà iná wọn ni.

Àǹtí_Ọ̀ṣogbo | 10:40 àárọ̀

5%? Fún ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀? Ọkọ mi tó ń bá mi gbé ọjà lójoojúmọ́, n ò tíì fún un ní ẹyọ kan 😂

Ọjọ́Méjìlọ́sẹ̀ (Èkó) | 12:05 ọ̀sán

Ẹ kú ìjíròrò o. Èmi gan-an ni irú ẹni tí ẹ̀ ń bú. Kì í ṣe èmi ni Ìyá Ẹ̀lùbọ́ ń bá sọ̀rọ̀, kí wọ́n má baà máa wò mí ṣìbáṣìbo. Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ni mò ń bá ṣe báyìí. Mo ti ṣe é tó já sí òfo rí, mo sì ti ṣe é tó yọrí sí rere, ẹ jẹ́ kí n sọ méjèèjì.

Èyí tó já sí òfo: ilé-iṣẹ́ ọṣẹ ni. Wọ́n fún mi ní oyè, wọ́n fún mi ní ọ́fíìsì tó ní ẹ̀rọ amúlétutù, wọ́n ṣe káàdì fún mi. Wọn ò fún mi ní ẹnì kankan. Ohun tí mo bá sọ lọ́jọ́bọ̀, tí mo bá dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, bó ṣe wà ni màá bá a. Olórí iṣẹ́ ibẹ̀ kò bá mi jà rí. "Ó ti yé mi, sà" ló máa ń sọ. Ṣùgbọ́n ọṣẹ tí wọ́n ti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni ló ń jẹ ẹ́ lógún, ṣé tèmi tí kò tíì ní orúkọ ló máa wá fi ìkòkò ṣe? Oṣù mẹ́fà, a ò rí nǹkan kan mú jáde. Mo dìde fúnra mi.

Èyí tó yọrí sí rere: oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ni wọ́n ń ṣe. Obìnrin tó ni ín kò fún mi lóyè kankan, "bọ̀ọ̀dá ọlọ́jọ́ méjì" ni gbogbo wọn ń pè mí. Nǹkan mẹ́ta ló fún mi. Ó fún mi ní ₦200,000 lóṣù tí mo lè ná láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kí n ṣá kó rìsíìtì wá. Ó fún mi ní ọmọbìnrin kan tó ń wà níbẹ̀ lójoojúmọ́, tó jẹ́ pé iṣẹ́ mi nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀. Lọ́jọ́bọ̀ láago mẹ́rin, ó máa pa fóònù, á jókòó tì mí fún ogójì ìṣẹ́jú. Ogójì ìṣẹ́jú yẹn ló ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ibẹ̀ la ti máa ń pinnu ohun tí a máa pa tì.

Èèpo ẹ̀gẹ́ la ṣe níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ IITA (ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀) àti ILRI (ti ẹran ọ̀sìn) tó wà nínú ọgbà IITA n'Ìbàdàn ti ṣiṣẹ́ lé e lórí: ẹ rin èèpo tútù, ẹ fún omi rẹ̀, ẹ sá a tàbí kí ẹ yan án, bí i tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù ni yóò di tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ tí ewúrẹ́, ẹlẹ́dẹ̀ àti adìẹ lè jẹ. Àwa kọ́ la dá a sílẹ̀, a kàn lọ kọ́ ọ ni. Ìyá Ẹ̀lùbọ́, ẹ̀yin tí ẹ wà ní Mọ́níyà, ẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ lè ju òkúta kan IITA. Kí lẹ̀ ń fi èèpo tiyín ṣe?

Ní ti ìpín, màá sọ òótọ́ ẹnu mi. Àwa tí à ń ṣe iṣẹ́ yìí máa ń béèrè ìpín nítorí a mọ̀ pé owó tí ẹ lè san kò tó. Kì í ṣe wèrè ló ń ṣe wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá béèrè rẹ̀ kó tó wọlé rí iṣẹ́ yín, ẹ rọra.

Fúnmi_Láàbù | 12:48 ọ̀sán

Ẹ̀gbọ́n Ọjọ́Méjì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ẹ ti fi ẹnu ara yín tú u. Ọmọbìnrin yẹn ló ṣiṣẹ́ náà!

Mo kàwé nípa ìmọ̀ oúnjẹ, láàbù ilé-iṣẹ́ ni mo ti ń jẹun. Ìmọ̀ràn tèmi fún Àǹtí Ẹ̀lùbọ́: owó tí ọkùnrin yìí ń béèrè, ẹ máa rí akẹ́kọ̀ọ́jáde ìmọ̀ oúnjẹ méjì gbà fún un, lójoojúmọ́, owó á sì tún ṣẹ́kù. Ẹ tún lè gba ọmọ IT, akẹ́kọ̀ọ́ tí ilé-ìwé rán wá kọ́ṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ìkọ́ṣẹ́, ti ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ síbi iṣẹ́, UI wà níbẹ̀, FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ l'Abẹ́òkúta, ò jìnnà. Ọmọ IT tó bá gbọ́n, ẹ fún un ní ìwé kan àti òṣùwọ̀n kékeré, ẹ ní kó máa wọn omi inú láfún yín láràárọ̀ kó tó wọnú ọ̀rá. Ẹ máa mọ̀dí tí láfún inú àwọn ọ̀rá kan fi ń bu lásìkò òjò ní oṣù kan, ẹ ò ní san ₦650,000 kí ẹ tó mọ̀. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba fún àwọn ilé-iṣẹ́, tó wà l'Óṣòdì náà, láti 1956 ni wọ́n ti wà, wọ́n ń kọ́ni ní bí wọ́n ṣe ń ṣe irú nǹkan wọ̀nyí.

Ìmọ̀ tuntun kọ́ lẹ nílò. Ìmọ̀ tó ti wà nílẹ̀ tí ẹ ò tíì lò ni.

Ọjọ́Méjìlọ́sẹ̀ (Èkó) | 1:10 ọ̀sán

Fúnmi, o gba àyè. Ọwọ́ rẹ̀ ló ṣe é, n ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún 24 ni. Ọjọ́ tí a ní kí wọ́n dá ẹ̀rọ dúró fún wákàtí méjì ká lè dán èèpo wò, ta ló máa gbọ́ tirẹ̀? Ta ló máa pe àwọn tó ń ra oúnjẹ ẹran lọ́pọ̀ tí wọ́n á gbé fóònù? Ó tún ní ohun mẹ́rin tó fẹ́ kí a ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Iṣẹ́ mi ni láti sọ pé mẹ́ta, rárá.

Fúnmi_Láàbù | 1:16 ọ̀sán

"Mẹ́ta, rárá" yẹn, mo gbà fún yín níbẹ̀.

Ṣadé_Gbági | 2:02 ọ̀sán

Èmi ò mọ púpọ̀ níbẹ̀ o, àmọ́ tí ilé-iṣẹ́ bá ti ní nọ́ńbà NAFDAC, kò sí wàhálà mọ́, ohun tuntun tí ọ̀gá bá dá, nọ́ńbà yẹn náà lẹ máa tẹ̀ sára ọ̀rá rẹ̀.

Fúnmi_Láàbù | 2:09 ọ̀sán

Àǹtí Ṣadé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ti ilé-iṣẹ́ pa fún wọn! Ọjà kọ̀ọ̀kan ló ní nọ́ńbà tirẹ̀. Nọ́ńbà fùfú ò bo ẹ̀lùbọ́. Ọdún márùn-ún ló sì ń lò kí a tó tún un gbà. Ẹni tó bá sọ pé òun máa mú ohun tuntun mẹ́ta jáde lọ́dún kan, ẹ bi í pé ìforúkọsílẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú owó tó ṣírò àbí kò sí. Tó bá ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ ńlá, ó lè má mọ̀, ẹlòmíràn ló ń bá wọn ṣe é níbẹ̀.

Lọ́yà_Ìkẹjà | 3:37 ọ̀sán

Ẹ kú iṣẹ́. Mo ka gbogbo rẹ̀, gbogbo yín ń sọ̀rọ̀ owó àti ọjọ́, ẹnikẹ́ni ò tíì sọ̀rọ̀ ìwé. Iṣẹ́ tí ẹ bá gbé fún un láìsí ìwé, ẹjọ́ lẹ gbé fún un.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ oyè, nítorí ó dà bíi pé ẹ kà á sí ohun kékeré. Òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 mọ àwọn tó ń jẹ́ olùdarí tí a forúkọ wọn sílẹ̀ ní CAC, àjọ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ilé-iṣẹ́ bá fi ẹnì kan hàn fún aráyé bí olùdarí, tí aráyé sì bá a dòwò nítorí bẹ́ẹ̀, ilé-iṣẹ́ lè rí i pé ohun tó fọwọ́ sí ti di gbèsè sí òun lọ́rùn. Ẹ pè é ní olórí ìmọ̀ tuntun tó bá wù yín, kò burú. Ẹ má kọ "olùdarí" sórí káàdì ẹni tí kì í ṣe olùdarí. Kí ìwé yín sì sọ iye tó lè fọwọ́ sí àti ibi tó ti gbọ́dọ̀ dúró.

Èkejì ló máa ń dá ìjà sílẹ̀ jù: ta ló ni ohun tó bá hùmọ̀? Òfin páténtì wa, ìyẹn òfin ẹ̀tọ́ ẹni tó hùmọ̀ nǹkan, sọ pé ohun tí òṣìṣẹ́ bá hùmọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, tàbí tí ẹni tí a gbéṣẹ́ fún bá hùmọ̀ nídìí iṣẹ́ tí a dárúkọ nínú àdéhùn, ẹ̀tọ́ rẹ̀ jẹ́ ti ẹni tó gbéṣẹ́ fún un. Ẹ wo ibẹ̀ dáadáa: iṣẹ́ tí a *dárúkọ*. Tí ìwé yín bá kàn sọ pé "kó mú ìmọ̀ tuntun wá", lọ́yà tirẹ̀ máa béèrè pé èwo nínú ìmọ̀ tuntun? Ẹ dárúkọ rẹ̀: ọ̀nà gbígbẹ fùfú, ọ̀rá, lílo èèpo. Ọkùnrin yìí tún ní ilé-iṣẹ́ méjì mìíràn, ohun tó bá rí lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kó má lọ yọ lọ́dọ̀ wọn lọ́jọ́rú. Ẹ bi í ohun tí wọ́n ń ṣe. Tó bá jẹ́ oúnjẹ òkèlè ni, ẹ dágbére fún un.

N ò sọ pé kí ẹ sáré lọ gba páténtì o. Ogún ọdún ló ń lò, ó sì ní kí ẹ tú gbogbo àṣírí rẹ̀ síta. Bí ìyá yín ṣe ń rẹ láfún rẹ̀ tó fi funfun báyẹn, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ kọ ọ́ fún gbogbo ayé kà? Àwọn nǹkan kan wà tó jẹ́ pé ẹnu dídì ló ń dáàbò bò wọ́n.

Ní ti ìpín, ẹ má fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Tí ẹ bá máa fún un rárá, kó máa wọlé díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún, kó sì dúró níbi tó bá dé lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Kí gbogbo ẹbí tó ní ìpín níbẹ̀ fọwọ́ sí i. Mo ti rí ẹbí tó túká nítorí 3%.

Akáǹtì_Ọ̀yọ́ | 4:20 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jẹ́ ká ṣírò. Ọjọ́ mẹ́jọ lóṣù nínú ₦650,000, ₦81,250 lọ́jọ́ kan. Lọ́dún, ₦7,800,000. Tí èrè tó kù fún yín lórí ọ̀rá kílò kan bá jẹ́ ₦150 (iye tí mo kàn fi ṣàpẹẹrẹ ni o), ẹ gbọ́dọ̀ ta ọ̀rá 52,000 lé sí ohun tí ẹ̀ ń tà tẹ́lẹ̀ kó tó san owó ara rẹ̀. Ẹ fi iye tiyín sí i, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀rọ yín tiẹ̀ lè lọ iye yẹn.

Ìpín 5%, tí ẹ bá pín èrè ₦20,000,000 lọ́dún kan, ₦1,000,000 ni tirẹ̀, títí láé, bó bá tilẹ̀ ti lọ tipẹ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ lè fún un ní ìdá díẹ̀ nínú owó ọjà tuntun tó bá mú jáde, fún ọdún méjì. Èyí tí ìyá yín ti ń tà láti ọjọ́ aláyé ò kàn án.

Ṣadé_Gbági | 4:31 ìrọ̀lẹ́

Ó kéré tán, kò sí owó ìfẹ̀yìntì láti san fún ẹni tó jẹ́ páàtì-táìmù.

Akáǹtì_Ọ̀yọ́ | 4:45 ìrọ̀lẹ́

Ó wà lọ́wọ́ bí wọ́n bá ṣe gbà á. Òfin ìfẹ̀yìntì ti 2014 mú ilé-iṣẹ́ tó bá ní òṣìṣẹ́ 15 sókè, àwọn wọ̀nyí sì ní 34. Tí ẹ bá gbà á bí òṣìṣẹ́, ilé-iṣẹ́ máa dá ó kéré tán 10%, òun náà 8%, ẹ ó sì máa yọ owó orí rẹ̀ fún ìjọba ìpínlẹ̀. Tó bá jẹ́ kọ́ńsọ́táńtì ló wọlé, ìwé owó ló máa kọ fún yín, ẹ ó yọ owó orí tí òfin ní kí ẹ yọ kí ẹ tó san án. Ohun tí kò dáa ni kí ìwé sọ pé kọ́ńsọ́táńtì ni, kí ẹ wá ní kó máa sáìnì ìwé wíwọlé láago mẹ́jọ.

ÌyáẸ̀lùbọ́ (Mọ́níyà) | 8:26 alẹ́

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ọjà ni mo wà láti àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn.

Èèpo: Ẹ̀gbọ́n Ọjọ́Méjì, ojú ń tì mí láti sọ ọ́. Ńṣe là ń *sanwó* fún ẹni tó ń bá wa kó o dànù. ₦15,000 ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, ọkọ̀ méjì lọ́sẹ̀, nígbà mìíràn mẹ́ta.

Ilé-iṣẹ́ méjì tó kù: ọ̀kan ń ṣe ohun mímu, ọ̀kan ń ṣe ìpara. Kò sí òkèlè níbẹ̀.

Ohun tí n kò kọ láàárọ̀ nìyí. Àbúrò mi ọkùnrin ló ń darí iṣẹ́ níbẹ̀. Òun ló ń jí ní aago márùn-ún wá tan ẹ̀rọ láti ìgbà tí màámi ò ti lè dìde dáadáa mọ́. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí fún un, ó ní, "Tó bá gba ẹnu ọ̀nà wọlé, èmi á gba fèrèsé jáde." A ò tíì sọ ọ́ mọ́ látìgbà náà.

BàbáBúrẹ́dì (Abẹ́òkúta) | 8:58 alẹ́

Ọ̀rọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nìyẹn. Èyí tí o kọ láàárọ̀, ìfáárà ni.

Àbúrò rẹ ò bínú sí ìmọ̀ tuntun. Owó ló ń wò. Ó mọ iye tí o ń san fún òun, ó sì ti gbọ́ iye tí o fẹ́ san fún àlejò tí kò ní í jí ní aago márùn-ún. Ìwọ gan-an rò ó wò. Kọ́kọ́ tún owó ọmọ yẹn ṣe kí o tó pe ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn náà, kó jẹ́ òun ló máa sọ ohun tí ọ̀gá yẹn máa kọ́kọ́ fọwọ́ kàn. Ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ mọ ibi tó ń dùn ún.

Mo ṣì sọ pé má gbà á o. Ṣùgbọ́n tí o bá máa gbà á, gba ẹ̀yìn àbúrò rẹ gbà á.

Adé_Pẹ́kẹ́mù (Lọ́ńdọ̀nù) | 10:44 alẹ́

Ẹ kú alẹ́. Níbí, irú ètò yìí ti wọ́pọ̀, pàápàá fún ọ̀gá tó ń bójú tó owó. Mo ti ṣiṣẹ́ lábẹ́ méjì. Ti owó máa ń rọrùn nítorí ó ní àsìkò: ìparí oṣù, owó oṣù, owó orí. Ọjọ́ méjì tó bá fi wá, iṣẹ́ ti ń dúró dè é. Ìmọ̀ tuntun ò ní ìparí oṣù. Tí ẹ ò bá fún un ní ọjọ́ kan pàtó àti ohun kan pàtó tí ọwọ́ lè bà, ọdún kan á lọ tí ẹ ó ṣì máa ṣe ìpàdé. Ọ̀kan nínú àwọn tí mo sọ yẹn, àwòrán lára ògiri ló mọ̀ ọ́n yà jù.

Ẹlẹ́rọ_Ọ̀tà | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ẹ fi kún un: oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò gbọdọ̀ ra ẹ̀rọ kankan. Ẹni tó bá mọṣẹ́ máa rí nǹkan ṣe láìra ẹ̀rọ.

ÌyáẸ̀lùbọ́ (Mọ́níyà) | Ọjọ́ Àìkú, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn náà, 4:12 ìrọ̀lẹ́

Ẹ̀yin ará, mo jẹ yín ní gbèsè àbọ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ bá àbúrò mi. N kò sọ̀rọ̀ ọ̀gá kankan, owó rẹ̀ ni mo sọ. Mo fi kún un. Ó dákẹ́ pẹ́, ó wá ní, "Ọ̀rá ni." Mo ní kí ni? Ó ní ọ̀rá ló ń dùn ún, pé àwọn oníbàárà tó ń dá láfún padà lásìkò òjò, òun ò gbà pé gbígbẹ ni kò gbẹ, ó ní afẹ́fẹ́ ló ń wọlé láti ojú ibi tí à ń lẹ̀. Láti èṣí ló ti ń sọ ọ́. N kò gbọ́.

Mo wá pe ọkùnrin náà. Oṣù mẹ́ta, ₦500,000, kọ́ńsọ́táńtì, iṣẹ́ méjì tí a dárúkọ nínú ìwé: ọ̀rá àti èèpo. Kò sí ẹ̀rọ rírà. Ọmọ IT kan láti UI wà pẹ̀lú rẹ̀ lójoojúmọ́. Ọjọ́bọ̀ láago mẹ́rin, èmi, òun, àti àbúrò mi, a ó pa fóònù. Ó jà lórí oyè ju bó ṣe jà lórí owó lọ. A parí rẹ̀ sí "olórí ìmọ̀ tuntun", kò sí "olùdarí" níbẹ̀. Lọ́yà, ẹ ṣeun.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, mo rò pé ó máa béèrè ọ́fíìsì. Ó ní kí wọ́n fún òun ní báàfù ńlá kan àti omi. Ó mú ọ̀rá 50 tí a ti dì, tó ń lọ sí ọjà lọ́jọ́ náà gan-an, ó ń rì wọ́n sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń tẹ̀ wọ́n. Àwa náà dúró yí i ká bí ẹni ń wo eégún. Méje ń tú afẹ́fẹ́ jáde, omi ń hó lára wọn, gbogbo rẹ̀ ní igun kan náà, lápá òsì. Àbúrò mi ò sọ nǹkan kan. Ó lọ bá ẹ̀rọ tí a fi ń lẹ̀ ẹ́, ó tú irin rẹ̀, ó gbé e wá fi hàn wá: apá òsì irin náà ti jẹ wọnú, o lè fi èékánná mọ̀ ọ́n. Owó tí a fi pààrọ̀ irin yẹn ò tó ₦20,000.

Látìgbà náà, àbúrò mi ló ń ti báàfù náà jáde láràárọ̀. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi fọ aṣọ.

Ti èèpo ṣì ń falẹ̀, òjò ò jẹ́ ká rí oòrùn sá a.

Àǹtí_Ọ̀ṣogbo | 4:30 ìrọ̀lẹ́

5% ńkọ́?

ÌyáẸ̀lùbọ́ (Mọ́níyà) | 4:33 ìrọ̀lẹ́

Ó ní ká sọ ọ́ tí oṣù mẹ́ta bá pé. Màámi ní tí mo bá máa fún ẹnikẹ́ni, àbúrò mi ni kí n ti bẹ̀rẹ̀.

BàbáBúrẹ́dì (Abẹ́òkúta) | 5:15 ìrọ̀lẹ́

Mo kí ìyá rẹ. Báàfù yẹn, ṣé èyí tó tóbi tàbí àárín? Mo fẹ́ rì ọ̀rá búrẹ́dì tèmi wò lọ́la.